Aṣọ Tí Wọ́n Ń Tú Kí Wọ́n Tó Fọ̀ Ọ́

Ẹni tó bá gun àtẹ̀gùn ilé kan nítòsí Moore Street ní nǹkan bí ọdún 2005, lókè ibi tí wọ́n ti ń ta ẹja, á mọ Karimot aránṣọ. Obìnrin pupa ni, ìbòrí rẹ̀ kì í kúrò lórí, téèpù tó fi ń wọn aṣọ kì í sì í kúrò lọ́rùn. Ayé ń dẹ àwọn ará Dublin lọ́rùn nígbà yẹn. Owó wà nígboro. Ẹni tí kò bá kọ́lé á ra ilé, ẹni tí kò bá ra ilé á ra aṣọ, ẹni tó bá sì ti ra aṣọ, tó gùn jù ú lọ, ọ̀dọ̀ Karimot ló ń gbé e wá.

Karimot kò dá yàrá yẹn ní. Òun àti Mọ́pẹ́ ni wọ́n jọ háyà rẹ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ Karimot lẹ́bàá fèrèsé, ti Mọ́pẹ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Karimot ń kírun, Mọ́pẹ́ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ìyẹn ò dí wọn lọ́wọ́. Bí Karimot bá tẹ́ ẹní, Mọ́pẹ́ á rẹ rédíò rẹ̀ sílẹ̀. Bí Mọ́pẹ́ bá ń gbààwẹ̀, Karimot á lọ jẹun lórí àtẹ̀gùn kí òórùn ọbẹ̀ má bàa dán an wò. Nígbà tí Mọ́pẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé tí kò rí ibi sùn, oṣù mẹ́jọ ló fi gbé nílé Karimot ní Hartstown, tí òun àti Kamilah ọmọ Karimot jọ ń pín bẹ́ẹ̀dì. Bí ènìyàn bá rí àwọn méjèèjì lọ́nà, á ní ọmọ ìyá ni wọ́n. Karimot náà á ní, "Bẹ́ẹ̀ náà ni."

Ọjọ́bọ̀ kan ni ìyá àgbà kan gun àtẹ̀gùn yẹn. Obìnrin kékeré ni, irun rẹ̀ funfun báláú, ó di ẹrù rẹ̀ sínú aṣọ pélébé bí àwa náà ṣe ń di ẹrù, ó ta á ní kókó lókè. Ará Japan ni, ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ Ireland ti kú, ó ti lo ọdún mẹ́tàdínlógójì nílùú yìí, Lucan ló ń gbé. Ṣísúè ni orúkọ rẹ̀. Ó ti lọ sọ́dọ̀ aránṣọ mẹ́ta. Ọ̀kan ní kó jẹ́ kí òun sọ ọ́ sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ. Ọ̀kan ní kí òun gé e di gáùn. Ẹ̀kẹta rẹ́rìn-ín.

Ó tú ẹrù. Kimónò ni. Sílíìkì dúdú tó ń dán, ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn funfun ń fò lọ ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, apá aṣọ náà gùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Àmì ìdílé wọn wà lára rẹ̀ níbi márùn-ún, roboto bí kọ́bọ̀.

Karimot ti ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ, ó fi ìka wọn láti ojú-rírán kan dé èkejì, ó tún un wọ̀n. Ló bá ní, "Màmá, tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n hun aṣọ yìí."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Bàbá mi ń hunṣọ ní Ìsẹ́yìn, mà. Tẹ́ẹ́rẹ́ ni tiwa náà, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Tiyín fẹ̀ tó mẹ́ta tiwa. Wọn ò gé e sọnù níbì kankan o! Wọ́n kàn rán an pọ̀ ni."

Ìyá fi ara rẹ̀ lé àga láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kó jókòó. Ó kọjú sí Karimot títí. "Ọdún méjì ni mo ti ń wá ẹni tó máa sọ ọ̀rọ̀ yẹn," ló wí.

Bí Karimot ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Lucan ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ nìyẹn. Màmá Ṣísúè, bó ṣe ń pè é nìyẹn, fẹ́ kí wọ́n tú aṣọ náà, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n tún un rán, nítorí Yúkì, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, fẹ́ ṣègbéyàwó. Òun ì bá ṣe é fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n awọ ti bo ojú rẹ̀, oríkèé ọwọ́ rẹ̀ ti wú. Ìka rẹ̀ nìkan ló kù tó fi ń ríran.

Ẹ̀yin èèyàn mi, wọ́n kì í fọ kimónò bí a ṣe ń fọṣọ. Wọ́n á kọ́kọ́ tú gbogbo ojú-rírán rẹ̀, á padà di aṣọ gbọọrọ bí ìgbà tó ti orí òfì bọ́. Ìgbà yẹn ni wọ́n á tó fọ̀ ọ́, wọ́n á fi sítáàṣì sí i, wọ́n á nà án mọ́ pákó gbọọrọ kó gbẹ. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń rán an, abẹ́rẹ́ kan, òwú kan, kò gbọdọ̀ le jù. Ẹni tó rán an ti mọ̀ pé ẹlòmíràn ń bọ̀ wá tú u. Aṣọ tó bá sì ṣẹ́ kù, wọ́n á ká a sínú, torí pé ọmọ lè ga ju ìyá lọ. Òjò Dublin kò jẹ́ kí wọ́n rí oòrùn sá a, inú ilé ìdáná ni wọ́n gbé àwọn pákó náà tì, lára press tí Màmá ń kó abọ́ sí, tí àwọn ẹyẹ funfun wá tò yí síínkì ká.

Bí wọ́n bá ti ń ṣiṣẹ́, Màmá á máa sọ̀rọ̀. Ó ní láyé àtijọ́, ọ̀dọ̀ àwọn ará China ni àwọn baba ńlá àwọn ti rí ìlànà aṣọ náà, wọ́n wá sọ ọ́ di tiwọn. Ó ní àwọn obìnrin ààfin ìgbà kan máa ń wọ̀ ọ́ ní ìpele lórí ìpele, tó jẹ́ pé wọn ò lè sáré bí iná bá jó. Aṣọ tí àwa ń pè ní kimónò lónìí, abẹ́ ni wọ́n ń wọ̀ ọ́ sí tẹ́lẹ̀, bí ṣìmí, kó tó wá bọ́ síta di ọ̀gá. Ọkùnrin náà ń wọ̀ ọ́. Wọ́n á fi ṣòkòtò ẹlẹ́nu gbàgà lé e lórí, tí ó tó ṣòkòtò kẹ̀m̀bẹ̀ tiwa.

Karimot ní, "Kí ló dé tí àwọn ọkùnrin yín wá ń wọ kóòtù?"

"Nígbà tí ọkọ̀ ojú omi àwọn òyìnbó dé, tí ìjọba ní ká lajú. Àwọn ọkùnrin ló kọ́kọ́ wọ kóòtù lọ sí ọ́fíìsì. Wọ́n fi kimónò sílẹ̀ fún wa nílé pé ká máa bá wọn tọ́jú àṣà."

"Ọkùnrin! Ibi gbogbo ni wọ́n wà."

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú Màmá.

Ọjọ́ kan ni Màmá mú jákẹ́ẹ̀tì bàbá rẹ̀ jáde. Òde rẹ̀ dúdú, kò ní ohun kankan lára. Ó yí i padà. Ẹkùn ló wà nínú rẹ̀, wọ́n yà á sára sílíìkì, ojú rẹ̀ ń tàn. Ó ní ní ìgbà kan rí, àwọn aláṣẹ ṣòfin pé oníṣòwò kò gbọdọ̀ ṣe fáàrí bí ìjòyè. Àwọn ọlọ́wó bá ń wọ dúdú sóde, wọ́n gbé ẹwà sínú, ibi tí kò sẹ́ni tó ń rí i. Karimot fọwọ́ pa ẹkùn náà lórí. Ó ní èyí ti jẹ́ ọlọ́gbọ́n jù.

Ọ̀rọ̀ sílíìkì dúdú yẹn ni Màmá sọ kẹ́yìn. Ìyá rẹ̀ ní kimónò mẹ́rìnlá. Nígbà tí ogun ńlá parí, kò sí oúnjẹ nígboro, ìyá rẹ̀ á di ọ̀kan, á wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí oko, á fi ṣe pàṣípààrọ̀ ìrẹsì àti ọ̀dùnkún. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n jẹ mẹ́tàlá tán. "Èyí nìkan ni a ò jẹ," ni Màmá wí. "Apá gígùn yìí, apá omidan ni. Ọjọ́ ìgbéyàwó ni ọmọbìnrin máa wọ̀ ọ́ mọ. Èmi wọ̀ ọ́. Yúkì máa wọ̀ ọ́. Ọwọ́ mi ò sì lè di ọ̀já rẹ̀ mọ́. Ìwọ lo máa wọ̀ ọ́ fún un, Karimot. Mi ò fẹ́ ẹlòmíràn."

Ẹ wo obìnrin tó ṣe ìwé mẹ́fà péré, tó ń gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò kiri! Ó délé, kò lè jẹun. Ó sọ fún Abdulfatah ọkọ rẹ̀ tó ń wa takisí, ó sọ fún Kamilah, ó sọ fún Mọ́pẹ́, Mọ́pẹ́ sì dì mọ́ ọn, ó ń fò sókè.

Ohun kan ni Màmá kọ́ ọ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ ní kó gbé aṣọ náà wọ̀ wò. Karimot mú apá ọ̀tún, ó gbé e borí apá òsì bí a ṣe ń ró ìró. Ìyá àgbà fi ìka bá a, ó gbá a lọ́wọ́ pá! "Òkú là ń dì bẹ́ẹ̀! Alààyè, apá òsì ló ń wà lókè." Ọjọ́ yẹn Mọ́pẹ́ kò sí níbẹ̀. Ó máa ń bá Karimot lọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, á di òwú mú, á mu tíì, á sọ pé iṣẹ́ yìí gba sùúrù ju òun lọ.

Oṣù márùn-ún ni ìránṣọ náà gbà. Ibì kan wà ní etí ìsàlẹ̀ tí kòkòrò ti jẹ. Karimot ní sányán kékeré kan tó jẹ́ ti bàbá rẹ̀, èyí tó hun kẹ́yìn kó tó kú. Ó gé e bí àtàǹpàkò méjì, ó fi tẹ ibẹ̀ láàárín sílíìkì àti aṣọ inú rẹ̀, ó ránṣọ bò ó. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ tó bá gbé aṣọ lọ ló fẹ́ sọ fún Màmá, kí wọ́n jọ rẹ́rìn-ín sí i.

Aṣọ parí lọ́jọ́ Ajé. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n pe Karimot láti Ìsẹ́yìn pé ìyá rẹ̀ ti kú.

Ó kó aṣọ náà lé Mọ́pẹ́ lọ́wọ́. "Jọ̀ọ́, bá mi gbé e fún Màmá. Sọ fún wọn pé ìyá mi ló kú, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo máa lò. Mo máa dé kí ìgbéyàwó tó ku ọ̀sẹ̀ kan."

"Àǹtí mi, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ lọ sin ìyá yín."

Láti Ìsẹ́yìn, lẹ́yìn àdúà ọjọ́ kẹjọ, ó pè é lórí fóònù. Mọ́pẹ́ ní, "Màmá ń kí yín o! Wọ́n ní ẹ má kánjú." Karimot ṣàdúà fún un níbi tí wọ́n ti ń ṣàdúà fún ìyá rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ: ó ṣàdúà fún un.

Ọjọ́ kejì tó padà dé Dublin, ó yà ní ṣọ́ọ̀bù Patience ní Moore Street láti ra gààrí. Patience, ará Benin, ẹnu rẹ̀ kì í dúró, ó na ìwé ìròyìn sí i lójú. "Madam! Your sister don blow o! See am for paper!"

Mọ́pẹ́ ló wà nínú fọ́tò náà. Ó di abẹ́rẹ́ mú lókè, ó rẹ́rìn-ín, sílíìkì dúdú wà lórí itan rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé obìnrin ará Nàìjíríà tó fọwọ́ rán kimónò nìyí, pé òun ló máa wọ̀ ọ́ fún ìyàwó. Orúkọ Karimot kò sí níbẹ̀. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó kà á lẹ́ẹ̀kejì, ó ń fi ìka tẹ̀lé e, bóyá òun ò ka Gẹ̀ẹ́sì dáadáa. Ó gbàgbé gààrí sórí tábìlì.

Mọ́pẹ́ wà lẹ́yìn ẹ̀rọ rẹ̀ nígbà tó wọlé. Ó rí ìwé ìròyìn lọ́wọ́ rẹ̀, kò dìde.

"Kí lo sọ fún Màmá?"

"Àǹtí Karimot, ẹ kú ọ̀fọ̀..."

"Mo ní kí lo sọ fún wọn?"

"Mo ní... mo ní ọkọ yín ti kó yín padà sílé. Pé ẹ ò bọ̀ mọ́."

"Ọkọ mi! Abdulfatah tó ń wa takisí kiri Hartstown, tó gbé ìwọ fúnra rẹ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́sẹ̀ tó kọjá?"

Mọ́pẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò dákẹ́. "Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò! Ẹ lọ́kọ, ẹ bímọ, ẹ níwèé ìgbélùú. Gbogbo èèyàn ni Karimot, Karimot. Èmi ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo ní kí wọ́n rí mi."

"Ìyá mi wà nínú kòtò, Mọ́pẹ́."

Karimot bo ẹ̀rọ rẹ̀, ó lọ sílé.

Ẹ máa ní kí ló dé tí kò pe Màmá. Abdulfatah náà bi í. Kamilah bi í, pẹ̀lú ẹnu Dublin rẹ̀: "Mam, would you not just ring her?" Karimot kò pè é. Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ju ti Mọ́pẹ́ lọ ni pé nọ́ńbà ilé rẹ̀ wà lára ilẹ̀kùn press Màmá, òun fúnra rẹ̀ ló lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Ọjọ́bọ̀ oṣù márùn-ún! Wọ́n ní ó ti lọ, ìyá àgbà gbà pé ó ti lọ, kò nawọ́ sí fóònù. Ẹni tí kò wá ọ, o máa wá a?

Ṣùgbọ́n rúlà oparun Màmá wà lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tí ìyá Màmá fi ń wọn aṣọ. Karimot kì í jẹ́ kí ohun olóhun sùn sílé òun lẹ́yìn ìjà. Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé ìgbéyàwó náà, ó fi ìwé wé rúlà náà, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Lucan. Á fi lé wọn lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà, á padà.

Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Ohùn àwọn àlejò ń wá láti pálọ̀. Kò sẹ́ni tó rí i, ó gba ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn kọjá. Yàrá tí wọ́n ti ń ránṣọ ló ṣí sílẹ̀ fún un, ibẹ̀ ni Yúkì dúró sí níwájú dígí, Mọ́pẹ́ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, òógùn bò ó.

Apá ọ̀tún ló wà lókè.

Mọ́pẹ́ ti ró o fún un bí ìró. Ó ró o rekete, ó fa etí rẹ̀ sí òsì bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ, bí gbogbo wa ṣe ń ró o. Yúkì tí wọ́n bí sí Dublin kò mọ̀. Màmá kò ríran. Ilé kún fún àlejò láti Japan, wọ́n sì ti fẹ́ mú ìyàwó jáde sáàárín wọn ní ìmúra òkú.

Ẹ má purọ́ fún mi, ẹlòmíràn ì bá yí padà lẹ́nu ọ̀nà yẹn. Karimot náà yí padà. Ó gbé ẹsẹ̀ méjì. Ó bojú wẹ̀yìn, ojú rẹ̀ bá dé ara àwọn ẹyẹ funfun yẹn, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ nà mọ́ pákó.

Ó wọlé. "Dìde níbẹ̀."

Mọ́pẹ́ wò ó. Ó rọra fi Yorùbá sọ pé, "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dójú tì mí níbí."

"Òkú lo dì. Dìde, di ọ̀já yìí mú."

Ó tú u. Ó gbé apá ọ̀tún sínú, ó gbé òsì borí rẹ̀, ó fà á kó ṣe déédéé lẹ́yìn ọrùn. Yúkì ń wò ó nínú dígí. "Karimot? Mam said you'd gone home."

"Ọmọ mi, dúró dáadáa."

Màmá ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹnikẹ́ni kò mọ ìgbà tó dé ibẹ̀. Ó tọ ara ògiri wá, ó kúnlẹ̀ kó fi ọwọ́ tún ìsàlẹ̀ aṣọ ọmọ rẹ̀ ṣe, bí ìyá rẹ̀ ṣe ṣe fún òun. Ìka rẹ̀ ń rìn létí aṣọ. Ó dúró. Ó padà. Ó tẹ ibì kan.

"Mọ́pẹ́, kí lo fi sí ibí yìí?"

"Ẹ̀n... òwú ni, mà. Òwú lásán."

Màmá tún tẹ̀ ẹ́. "Kì í ṣe òwú."

Karimot gbójú sókè. "Sányán ni, mà. Kòkòrò ti jẹ ibẹ̀. Bàbá mi ló hun ún."

Ìyá àgbà kò dìde. Ó kọjú sí ibi tí ohùn yẹn ti wá. "Wọ́n ní o ti lọ."

"Mo lọ sin ìyá mi, mà."

"Wọ́n ní o ò ní padà mọ́."

"Nọ́ńbà mi wà lára ilẹ̀kùn press yín, mà."

Màmá bá fi ọwọ́ méjèèjì lélẹ̀, ó tẹrí ba títí iwájú orí rẹ̀ fi kan kápẹ́ẹ̀tì níwájú Karimot. Yéè! Àgbàlagbà ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin! Karimot ò lè dúró wò ó, òun náà wó lulẹ̀ lórí eékún. Màmá tún tẹrí sí i, Karimot náà tún rẹlẹ̀ sí i, tí Yúkì fi ń sunkún tó sì ń rẹ́rìn-ín, tó ní kí wọ́n dìde, òun ò lè bẹ̀rẹ̀ nínú aṣọ yìí.

Karimot ló di ọ̀já náà. Ó gbà tó ìṣẹ́jú ogójì, Mọ́pẹ́ ń na okùn sí i. Nígbà tí wọ́n parí, tí Yúkì yí padà, kò sẹ́ni tí kò mí kanlẹ̀. Ẹni tó ń ya fọ́tò ní kí àwọn tó wọṣọ fún ìyàwó sún mọ́ ọn.

"Ẹ ya ẹni tẹ́ ẹ ti yà tẹ́lẹ̀," ni Karimot wí. Ó gbé rúlà oparun sórí tábìlì, ó kí wọn, ó jáde. Ìrẹsì ìgbéyàwó wà níbẹ̀ o, kò jẹ ẹ́. Nínú bọ́ọ̀sì ló ti sunkún, títí tó fi kọjá ibi tó yẹ kó ti sọ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, ẹ̀rọ Mọ́pẹ́ kò sí lẹ́yìn ilẹ̀kùn mọ́. Ó kó o lọ lọ́jọ́ Àìkú nígbà tó mọ̀ pé kò ní sí ẹnì kan níbẹ̀. Kò kọ lẹ́tà, kò bẹ̀bẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ ẹ̀rọ náà nìkan ló kù lára kápẹ́ẹ̀tì, ihò kéékèèké mẹ́rin. Karimot rò ó pé jákẹ́ẹ̀tì bàbá Màmá ni Mọ́pẹ́, àmọ́ èyí tí wọ́n yí inú rẹ̀ síta: ẹwà lóde, òkùnkùn nínú.

Oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀, ó gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ kan, ìsinmi, ẹsẹ̀ kan. Màmá Ṣísúè ni, ó dá wọ bọ́ọ̀sì wá láti Lucan pẹ̀lú ojú yẹn. Ó tú ẹrù rẹ̀ sórí tábìlì. Jákẹ́ẹ̀tì bàbá rẹ̀ ni, òwú rẹ̀ ti ń já, ó fẹ́ kí wọ́n tú u, kí wọ́n fọ̀ ọ́. Ó gbé rúlà oparun lé e lórí. "Èyí kì í ṣe ohun àyálò mọ́," ló wí. "Tìẹ ni."

Karimot fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó dúpẹ́. Ó gbé omi tíì kaná fún un. Ó yí jákẹ́ẹ̀tì padà, ẹkùn yẹn tún wò ó. Ó wá ibi tí òwú ti bẹ̀rẹ̀, ó fi ẹnu abẹ́rẹ́ fà á sókè.

"Ṣé Ọjọ́bọ̀ ni kí n máa retí rẹ," ni Màmá bi í, "bíi ti tẹ́lẹ̀?"

Karimot fa òwú náà, ó gùn, kò já. Ó ká a mọ́ ìka.

"Ẹ fi í síbí, mà," ló wí. "Bó bá ti ṣetán, màá pè yín. Nọ́ńbà yín wà lọ́wọ́ mi."